Ohun Tó Wà Lọ́kàn Munirah

Ọdún kan àti ààbọ̀ ni Munirah àti Mujeeb fi jọ ń wọ bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ kan náà kí wọ́n tó bá ara wọn sọ ọ̀rọ̀ kan tó ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Ìgbògbò ni bọ́ọ̀sì náà ti máa ń kó wọn, á gbé wọn lọ sí ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike omi ní Industrial Estate Ìkòròdú, á sì dá wọn padà nírọ̀lẹ́. Munirah ló ń tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí níbẹ̀. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Agnes ló jọ gba yàrá. Mujeeb wà nídìí ẹ̀rọ tó ń yọ́ ike. Ìwó ló ti wá, ó sì háyà yàrá kan nílé Bàbá Oyèdèjì, ará Ọ̀yọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Mujeeb, ó ga, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ó sì máa ń tiro díẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Ìjókòó ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí, kì í sì bá ẹnikẹ́ni du ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

Òjò ló mú kí wọ́n sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹfà, bọ́ọ̀sì náà kú sójú ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, òjò sì le débi pé kò sẹ́ni tó lè sọ̀ kalẹ̀. Dírẹ́bà ní òun ti pe mẹkáníìkì, kí wọ́n ṣe sùúrù. Inú ń bí gbogbo wọn. Ti Munirah tún ju tàwọn yòókù lọ, nítorí ara ìyá rẹ̀ kò yá láti ọjọ́ mẹ́ta, fóònù rẹ̀ sì ti kú. Ó ṣáà ń yí fóònù náà sókè sódò bí ẹni pé iná lè tìkára rẹ̀ wọnú rẹ̀.

Mujeeb dìde láti ẹ̀yìn, ó wá jókòó sórí ìjókòó tó kọjú sí tirẹ̀. Ó mú káàdì Wọ́ọ̀tì kan jáde nínú báàgì rẹ̀, irú èyí táwọn ọmọdé máa ń ta lójú àgbàlá. Ó ka mọ́kànlélógún nínú rẹ̀, ó gbé kúlà oúnjẹ rẹ̀ sáàárín wọn, ó sì tò wọ́n sórí ìbòrí rẹ̀ ní ìlà mẹ́ta, méje méje.

"Ẹ mú ọ̀kan lọ́kàn yín," ó wí. "Ẹ má dárúkọ rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ìlà tó wà nìkan ni kẹ́ ẹ sọ fún mi."

Munirah mú sítáà méje lọ́kàn. Ó ní ìlà kejì ló wà. Mujeeb kó káàdì náà jọ, ó tún wọn tò, ó tún béèrè. Ó ní ìlà kìíní. Ó kó wọn jọ, ó tò wọ́n lẹ́ẹ̀kẹta. Munirah ní ìlà kẹta ló wà báyìí. Mujeeb wá kó gbogbo rẹ̀ sọ́wọ́, ó ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dà bíi pé ojú Munirah ló ń wò, kò wo káàdì. Nígbà tó yá, ó dúró, ó fi ọ̀kan lé e lọ́wọ́. Sítáà méje ni.

Munirah gbójú sókè kúrò lára káàdì náà. "Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ojú yín ló sọ fún mi."

Gbogbo bọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn ní kó ṣe é fún àwọn náà, ó ṣe é, kò sì tàsé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí mẹkáníìkì fi máa dé, kò sẹ́ni tó rántí bínú mọ́. Kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀, Mujeeb fún Munirah ní fóònù tirẹ̀, ó ní kó fi pe ẹni tó ń ronú nípa rẹ̀. Ó pe ìyá rẹ̀, ó gbọ́ pé ara rẹ̀ ti ń yá, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá rẹ̀, Màmá Fàlílátù, tún pe nọ́ńbà yẹn, ó rò pé tọmọ òun ni. Mujeeb kí i dáadáa, ó béèrè ara rẹ̀, ó béèrè bóyá ó ti jẹun kó tó lo oògùn. Nígbà tí màmá náà wá rí Munirah bá sọ̀rọ̀, ohun àkọ́kọ́ tó béèrè ni pé ta ni ọkùnrin tó mọ èèyàn kí báyẹn.

Báyìí ni nǹkan ṣe bẹ̀rẹ̀. Mujeeb kúrò ní ìjókòó ẹ̀yìn. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, wọ́n á jọ rìn láti ilé Munirah àti Agnes dé ìsàlẹ̀ ọ̀sà, wọ́n á sì máa sọ̀rọ̀ títí oòrùn á fi rọlẹ̀. Ó sọ fún un nípa ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ọ̀kadà ṣe gbé e ṣubú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tó sì lo oṣù méjì lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ọkùnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì ló kọ́ ọ ní eré káàdì náà kí ọjọ́ lè tètè máa lọ. Kó tó di ìgbà náà, ojú máa ń ti Mujeeb láti bá èèyàn sọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà, tó bá ti mú káàdì jáde, ọ̀rọ̀ á wá.

"Báwo lo ṣe ń ṣe é?" Munirah máa ń béèrè.

"Lọ́jọ́ tó o bá di ìyàwó mi ni màá sọ fún ẹ."

Ó máa ń dùn mọ́ Munirah nínú tó bá sọ bẹ́ẹ̀. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló máa di ìṣòro.

Oṣù karùn-ún lẹ́yìn òjò yẹn ni Munirah mú un lọ sí Ẹ̀pẹ́ láti lọ fojú han àwọn òbí rẹ̀. Baba rẹ̀, Àlùhájì Tìrìmísíyù, ló ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe, ó ti ń ṣe é fún ogójì ọdún, gbogbo awakọ̀ etí ọ̀sà ló mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin tí kì í pariwo ni. Ó bi Mujeeb nípa ìdílé rẹ̀, ó bi í nípa iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n jọ lọ kírun Alásárì ní mọ́ṣáláṣí ìtòsí, wọ́n sì padà wá jẹun. Munirah rí i pé baba òun ti ń bá a sọ ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì, ohun tí kì í bá ẹni tí kò fẹ́ràn sọ. Inú rẹ̀ dùn débi pé òun fúnra rẹ̀ ló ní kí Mujeeb fi eré káàdì yẹn han Bàbá.

Mujeeb tò ó. Àlùhájì mú ọ̀kan lọ́kàn, ó sọ ìlà tó wà, ẹ̀ẹ̀mẹta. Mujeeb ṣí káàdì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi kúrọ́ọ̀sì mẹ́tàlá síwájú rẹ̀.

Àlùhájì gbé káàdì náà, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó tún gbé e kalẹ̀. Ó wá béèrè ẹni tó kọ́ ọ.

Mujeeb rò pé eré ti dùn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àṣírí ni, sà."

"Kí lo tún lè mọ̀?"

"Gbogbo ohun tó bá ti wà lọ́kàn yín ni, sà."

Eré ló fi sọ. Àlùhájì dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo ẹ́ńjìnnì kan, kò sì padà wọlé títí tí wọ́n fi lọ. Lọ́jọ́ kẹta, ó pe Munirah lórí fóònù. Ó ní kó gbọ́ òun dáadáa, òun kò ní í fọwọ́ sí i.

"Ẹni tó lè mọ ohun tó wà lọ́kàn mi láìjẹ́ pé mo sọ ọ́," ó wí, "kí ni kò lè fi sọ́kàn ọmọ mi?"

Munirah bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé eré lásán ni. Baba rẹ̀ bi í bóyá ó mọ bí eré náà ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀. Ó bi í bóyá ó ti béèrè. Ó ní òun ti béèrè. Ó bi í kí ni Mujeeb wí. Munirah dákẹ́, nítorí ó gbọ́ bí èsì yẹn ṣe máa rí létí baba rẹ̀: lọ́jọ́ tó bá di ìyàwó òun.

Ohun kan wà tó ń ba Àlùhájì lẹ́rù, gbogbo ìdílé ló sì mọ̀ ọ́n. Ó ní àbúrò obìnrin kan ṣoṣo, Ìbíjọkẹ́, òun ló sì tọ́ ọ nígbà tí àwọn òbí wọn kú. Nígbà tí Ìbíjọkẹ́ wà lọ́mọ ọdún méjìlélógún, ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Adéòjó wá sí Ẹ̀pẹ́, ọmọbìnrin náà sì ní òun fẹ́ ẹ. Kò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n ní ọkùnrin náà ti fi nǹkan ṣe é. Wọ́n mú Ìbíjọkẹ́ lọ sọ́dọ̀ ààfáà kan, oṣù méje ló lò níbẹ̀ kó tó sọ pé ojú òun ti là. Lẹ́yìn náà ló fẹ́ apẹja kan ní Ejìnrìn, ọkọ náà ti kú báyìí. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ ìtàn yìí fún Munirah, pé kó máa ṣọ́ra fún ọkùnrin tó bá mọ ohun tí kò yẹ kó mọ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí baba rẹ̀ pè é, ó lọ bá Mujeeb nílé Bàbá Oyèdèjì. Ó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún un, ó ní kó fi bí wọ́n ṣe ń ṣe eré náà han òun.

Ohun tó wà lọ́kàn Mujeeb nígbà náà, ó pẹ́ kó tó lè sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún pé Àlùhájì pe òun ní olóògùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló pọ̀ jù. Ó mọ̀ pé káàdì náà kò gba ọgbọ́n kankan, pé ẹnikẹ́ni tó bá lè ka oókan dé ọ̀kànlá lè ṣe é. Ó rò pé bí Munirah bá mọ̀, kò ní í rí nǹkan kan mọ́ lára òun ju ọkùnrin tó ń tiro, tó ń yọ́ ike.

"Ṣé ìwọ náà rò pé mo fi nǹkan ṣe ẹ́ ni?" ó béèrè.

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó o fi hàn mí ni."

"Bó o bá fẹ́ràn mi, kò yẹ kó o máa béèrè."

Munirah mú báàgì rẹ̀, ó jáde. Mujeeb kò tẹ̀ lé e.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọn kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Mujeeb padà sí ìjókòó ẹ̀yìn. Munirah máa ń kọjú síta ní fèrèsé, ṣùgbọ́n ó mọ ìgbà tí Mujeeb bá wọlé àti ìgbà tó bá sọ̀ láìyíjú wò. Ohun tó wá ń dẹ́rù bà á nìyẹn. Ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ó ń ka Ayatul Kursiyyi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ó ń bẹ Ọlọ́run pé bó bá jẹ́ pé ohun kan wà lára òun tí kì í ṣe tòun, kó kúrò. Ìfẹ́ náà kò dínkù. Ó wá ń bi ara rẹ̀ léèrè: ṣé bó ṣe ṣe Àǹtí Ìbíjọkẹ́ náà nìyí? Agnes ní kó dẹ́kun ìrònú, pé bí Mujeeb bá ní oògùn ìfẹ́, kò ní í máa jẹ gààrí nìkan lójoojúmọ́ nídìí ẹ̀rọ. Munirah rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan ó wọ mọ́tò dé Ìtóìkín, ó gun ọ̀kadà wọ Ejìnrìn. Ó bá àǹtí rẹ̀ nídìí ààrò níbi tó ti ń yan ẹja, èéfín bo gbogbo àgbàlá. Obìnrin ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta ni, ó gùn, ojú rẹ̀ jọ ti Àlùhájì gan-an. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í jà, ṣùgbọ́n wọn kì í bẹ ara wọn wò, àfi ìkíni ọjọ́ Iléyá.

Munirah ràn án lọ́wọ́ láti yí ẹja padà. Nígbà tí wọ́n jókòó, ó sọ ọ̀rọ̀ Mujeeb fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó wá bi í léèrè ohun tó bá wá: báwo lèèyàn ṣe máa ń mọ̀ bí wọ́n bá fi nǹkan ṣe é?

Ìbíjọkẹ́ nu ọwọ́ rẹ̀ lára ìró. Ó yíjú sí ọ̀nà ọ̀sà.

"Mi ò mọ̀, Munirah. Kò sẹ́ni tó fi nǹkan ṣe mí rí."

Munirah rò pé òun kò gbọ́ dáadáa.

"Mo fẹ́ràn rẹ̀ ni," ni àǹtí rẹ̀ wí. "Ó máa ń bi mí léèrè ohun tí mo rò nípa nǹkan, á sì dúró gbọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi rí nínú ilé yẹn. Ìyẹn náà ni oògùn tó lò."

"Ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ pé ó fi nǹkan ṣe yín."

"Ó ti rẹ̀ mí. Oṣù méje ni mo fi ń mu omi tí wọ́n ń fún mi, tí mo fi ń sùn sílé onílé. Ọjọ́ tí mo gbà pé òótọ́ ni, ọjọ́ náà ni wọ́n ní kí n máa bọ̀ nílé. Baba rẹ dì mọ́ mi, ó ń sunkún ayọ̀. Ó rò pé òun ti gbà mí là. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un lẹ́yìn ìyẹn?"

Adéòjó ti kúrò ní Ẹ̀pẹ́ kí oṣù méje náà tó pé. Ìbíjọkẹ́ gbọ́ pé ó fẹ́yàwó sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ní òun kò wá a, òun sì gbé ayé tó dára pẹ̀lú apẹja òun, Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Irọ́ tó wà láàárín òun àti ẹ̀gbọ́n òun ni kò jẹ́ kí òun lè jókòó tì í pẹ́.

Lẹ́yìn náà ó bi Munirah ní ohun tó fẹ́ràn lára ọmọkùnrin yìí. Munirah rò ó. Ó ní bí òun bá ń sọ̀rọ̀, ó máa ń dúró kí òun parí. Bí kò bá mọ nǹkan, á ní òun kò mọ̀. Ó rántí béèrè ara ìyá òun nígbà tí kò tíì mọ orúkọ òun pàápàá.

"Níbo ni káàdì wà nínú ìyẹn?"

"Kò sí."

"Ọkàn ẹ náà ló sọ̀rọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n kò tọ́ kó fi ohun tó o béèrè pa mọ́ fún ẹ. Fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀."

Òun fúnra rẹ̀ ló pe Mujeeb. Ohun tó sọ fún un kò pọ̀. Ó ní òun ni àǹtí Munirah, òun yóò wà nílé ẹ̀gbọ́n òun l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, bó bá fẹ́ Munirah, kó wá, kó mú àgbà kan dání, kó sì mú káàdì rẹ̀ wá.

Bí wọ́n ṣe sọ̀rọ̀ tán ni Mujeeb tún pe fóònù Munirah. Ó ní òun ti jẹ̀bi. Ó sọ ẹ̀rù tó ba òun fún un, bí òun ṣe rò pé lẹ́yìn káàdì yẹn òun kò ní ohun tí èèyàn lè fẹ́ràn. Ó ní Bàbá Oyèdèjì ti bá òun wí ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí, pé bí obìnrin bá béèrè ọ̀rọ̀ tó kàn án, èèyàn kì í fi ìgbéraga dá a lóhùn. Ó fẹ́ ṣàlàyé eré náà lórí fóònù níbẹ̀ yẹn. Munirah ní kó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ Àìkú. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó jẹun yó.

Lọ́jọ́ Àìkú náà, lẹ́yìn ìrun Alásárì, gbogbo wọn wà ní pálọ̀ Àlùhájì. Kò yà á lẹ́nu láti rí Mujeeb tó bó ṣe yà á lẹ́nu láti rí Ìbíjọkẹ́. Bàbá Oyèdèjì kí i, ó ní òun kì í ṣe ìbátan ọmọ náà, ẹlẹ́sìn Kristi sì ni òun, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin ló ti ń gbé lójú òun, òun kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni wá fi í sùn. Àlùhájì dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní ìwà ọmọ náà kọ́ lòun ń wí, ohun tó mọ̀ lòun ń wí.

Mujeeb dọ̀bálẹ̀. Ó tọrọ àforíjì fún ẹ̀rín tó rín lọ́jọ́ ìjọsí. Lẹ́yìn náà ó mú káàdì jáde, ó fi gbogbo rẹ̀ lé Àlùhájì lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin lẹ máa ṣe é, sà. Mi ò ní í fọwọ́ kàn án."

Àlùhájì wo àbúrò rẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó gba káàdì náà. Mujeeb ní kó ka mọ́kànlélógún, kó tò ó láti òsì sọ́tùn-ún, mẹ́ta mẹ́ta, títí ìlà mẹ́ta á fi ní méje méje. Ó ní kí Màmá Fàlílátù mú ọ̀kan lọ́kàn. Màmá náà mú un, ó ní ìlà kìíní ló wà. Mujeeb ní kí Àlùhájì kó ìlà kọ̀ọ̀kan jọ, kó fi ìlà tí màmá dárúkọ sáàárín méjì tó kù, kó má ṣe ohun mìíràn. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọwọ́ Àlùhájì kò yá, ó ń to káàdì náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń to bóòtù àti nọ́ọ̀tì ẹ́ńjìnnì kó má bàa sọnù.

"Ẹ máa kà á láti òkè báyìí, sà. Ìkọkànlá ni kẹ́ ẹ ṣí."

Àlùhájì kà á. Ó ṣí ìkọkànlá. Sákù mẹ́jọ ni.

"Òun ni," ni Màmá Fàlílátù wí, ohùn rẹ̀ kò ròkè.

Àlùhájì wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Èmi ò mọ ohun tó mú."

"Èmi náà kì í mọ̀, sà. Wọ́n ti sọ fún yín lẹ́ẹ̀mẹta láìmọ̀. Bẹ́ ẹ bá ṣáà ti ń fi ìlà wọn sáàárín, ibẹ̀ ló máa bọ́ sí. Kò sí bó ṣe lè bọ́ síbòmíràn."

Àlùhájì tún un ṣe fún Bàbá Oyèdèjì, ó tún bọ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣí gbogbo káàdì sílẹ̀, ó ní kí wọ́n má sọ̀rọ̀. Ó fi ìka tọ́ka sí ọ̀kan, ó ń tọ ipa rẹ̀ bó ṣe ń tò ó, tó ń kó o jọ, tó tún ń tò ó. Ó rí i bó ṣe ń sún mọ́ àárín, tó sì dúró síbẹ̀. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn bí ẹ́ńjìnnì kan bá ta kú, tó sì wá rí ibi tó ti bàjẹ́. Munirah rí i tí èjìká baba rẹ̀ rọ̀. Òun náà ń wò ó, ó sì rí gbogbo rẹ̀ lójú ara rẹ̀. Ó yíjú wo Mujeeb. Kò sí ohun tó kúrò lára ọkùnrin náà lójú rẹ̀. Ó ṣì jókòó síwájú wọn, òógùn bo iwájú orí rẹ̀, ó ń dúró kí wọ́n parí.

"Gbogbo rẹ̀ náà nìyí?" ni Àlùhájì béèrè.

"Gbogbo rẹ̀ náà nìyí, sà."

Àlùhájì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ó to káàdì náà jọ, ó sì gbé e sílẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, Mujeeb kọ́ ló kọjú sí.

"Ìbíjọkẹ́. Ọmọkùnrin yẹn. Adéòjó. Ṣé ó fi nǹkan kan ṣe ẹ́?"

Ìbíjọkẹ́ ti ń retí ìbéèrè náà fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

"Rárá, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Nígbà náà kí ló dé tó o fi sọ pé ó ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ ń sunkún. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ sunkún mọ́."

Bàbá Oyèdèjì dìde, ó fọwọ́ tọ́ Mujeeb, àwọn méjèèjì jáde sí gbàgede. Munirah fẹ́ dìde, ìyá rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú. Àlùhájì tẹ orí ba. Ó ní òun ni òun mú un lọ síbẹ̀, òun ni òun ń gbé omi náà fún un mu. Ìbíjọkẹ́ ní òun mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú un ṣe é. Àlùhájì ní ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n òun kò bi í léèrè. Ó ní kó dárí ji òun.

Ìbíjọkẹ́ ti ń sunkún nígbà yìí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti yí padà. Nígbà tí Munirah ń sọ ọ́ fún Agnes lẹ́yìn náà, ó ní ńṣe ló dà bí obìnrin tó gbé ẹrù sọ̀ lórí lẹ́yìn ìrìn ọ̀nà jíjìn, tí ọrùn rẹ̀ kò tíì gbà pé ẹrù náà ti kúrò.

Nígbà tí wọ́n pe àwọn tó wà níta wọlé, Àlùhájì kò sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó pe ọmọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Mi ò bi àǹtí rẹ léèrè," ó wí. "Ìwọ ni mò ń bi báyìí. Kí ló wà lọ́kàn rẹ?"

"Mo fẹ́ fẹ́ ẹ, Bàbá."

"Ó tó."

Ó ní kí Mujeeb lọ sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀ ní Ìwó pé kí wọ́n máa bọ̀.

Wọ́n so yìgì náà l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ lẹ́yìn oṣù méjì, láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, àwọn èèyàn kò pọ̀. Ìbíjọkẹ́ ló mú ìyàwó lọ sílé ọkọ ní Ìgbògbò. Bàbá Oyèdèjì ti fún wọn ní yàrá méjì lójú kan náà, ó sì ti kùn ún. Fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bí Munirah bá jí, á kọ́kọ́ wá ohun tó yẹ kó máa bà á lẹ́rù lọ́jọ́ náà. Kì í rí i. Á wá gbọ́ Mujeeb ní kíṣìnì, tó ń wá ibi tó gbé iyọ̀ sí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, Mujeeb ń gbọ́ bọ́ọ̀lù nínú rédíò, Ìbíjọkẹ́ pe Munirah láti Ejìnrìn. Ohùn rẹ̀ kéré. Munirah bi í bóyá nǹkan ṣẹlẹ̀.

"Kò sí nǹkan," ni àǹtí rẹ̀ wí. "Baba rẹ wá. Ọkọ̀ ojú omi ló bá wá, ó ní òun wá wo ààrò mi tí èéfín ń jò lára rẹ̀. Ó wò ó, a jẹun, a sọ̀rọ̀ Ìyá wa títí. Ó ti sùn lọ báyìí lórí ẹní, ó ń hanrun. Mo kàn fẹ́ kẹ́nì kan bá mi gbọ́ ọ ni."

Ó gbé fóònù súnmọ́ ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Munirah gbọ́ ọ. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó sọ fún un pé Bàbá ti sùn lọ nílé Àǹtí.

Mujeeb dìde, ó yí ohùn rédíò wálẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí Bàbá jí.